Ọ́ìlì Inú Mánífóòdù: Ohun Tí Mo Yẹ̀ Wò Kí N Tó Gbà Kí Wọ́n Sọ Ẹ́ńjìnnì Kalẹ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí a fẹ́ fọ throttle ọkọ̀ mi, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, mọkálíìkì tú rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò, ó ti ìka bọ inú mánífóòdù, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà, ìka náà sì jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú tó ń kán tótó. Lójú ẹsẹ̀ ló dá ẹjọ́: ríìngì tó yí pisitini ká ti jẹ, kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù.

Bí epo bẹntiróòlù bá ń jó lórí pisitini, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò ti síìlì dànù. Láyé ọjọ́un, páìpù kan ló ń tú u sójú títì. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń dá a padà sínú mánífóòdù kí ẹ́ńjìnnì lè jó o, fáàfù kékeré tí à ń pè ní PCV sì ni aṣọ́nà rẹ̀. Èéfín yìí kì í ṣàì gbé ọ́ìlì díẹ̀ dání, nítorí náà, kí mánífóòdù ọkọ̀ tó ti pẹ́ tutù díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Adágún ló yẹ kó bani lẹ́rù.

Ibi tí ọ́ìlì náà wà máa ń sọ̀rọ̀. Bí fáàfù bá há ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa ọ́ìlì gba inú rẹ̀, ẹ̀yìn throttle ni yóò sì ti pọ̀. Bí ó bá há ní pípadé, èéfín yóò fi ipá gba rọ́bà kejì tó lọ sí páìpù afẹ́fẹ́, iwájú throttle ni ẹ ó ti rí ọ́ìlì. (Ọkọ̀ tó ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Iwájú throttle tèmi gbẹ táútáú.

Mo fa gééjì yọ: ọ́ìlì kò kọjá àmì òkè. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ a máa da gálọ́ọ̀nù lítà 4 tán pátá sínú ẹ́ńjìnnì tí lítà 3.7 tó, àpọ̀jù náà a sì bá èéfín wọ mánífóòdù. Lẹ́yìn náà ni a yọ PCV. Èyí tó yá máa ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí a bá mì í létí. Tèmi ya odi, ọ́ìlì tó ti jó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ṣíṣí.

Síbẹ̀, kí n má baà tan ara mi jẹ, a yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì fi aago wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́: 172, 168, 170, 165 psi (ìwọ̀n ipá afẹ́fẹ́). Wọ́n sún mọ́ra. Ká ní ọ̀kan lọ sílẹ̀ ni, à bá da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀ ká tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríìngì ló jẹ̀bi, bí kò bá kúrò lójú kan, ká lọ wo fáàfù orí ẹ́ńjìnnì tàbí gáskẹ́ẹ̀tì.

A pààrọ̀ PCV, a sì nu mánífóòdù gbẹ, torí ẹni tí kò bá nù ún kò lè mọ̀ bóyá ọ́ìlì tuntun ló ń wọlé. Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, a tún un tú. Aṣọ funfun tí mọkálíìkì fi nu inú rẹ̀ kò gbé ju àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan jáde.