Yàrá Ìdánwò Aláriwo ní Tankẹ: Ibi tí Iṣẹ́ Dé

Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Iṣẹ́ àṣenọ́jú mi lọ́dún yìí ni láti sọ yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Tankẹ, ní Ìlọrin, di ibi tí àwọn ọmọ àdúgbò yóò ti máa fi ìdánwò JAMB dánra wò, kí ó sì jọ gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an, tariwo-tariwo. Mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń kàwé lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, tí wọ́n sì máa ń gba ìbéèrè lórí ìwé láìṣì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúnáwá ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń tẹ kíìbọ́ọ̀dù kíkankíkan, ọkàn wọn a kúrò lórí ohun tí wọ́n mọ̀ dájú. Ó ń dùn mí púpọ̀.

Mo ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta, mo sì fi plíwúùdù dínà sáàárín wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan kíìbọ́ọ̀dù tí bọ́tìnnì rẹ̀ le díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣa èyí tí ó wù ú lọ́jọ́ ìdánwò. Láti ọdún 2015 tí ìdánwò náà ti kúrò lórí ìwé pátápátá, bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ti tó akẹ́kọ̀ọ́: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R láti padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá ṣi S tẹ̀. Mo kó gbogbo máòsì pamọ́, kí ìka lè mọ ibi tí bọ́tìnnì wà láìjẹ́ pé ojú ń wá a kiri.

Oṣù Èrèlé

Ariwo ni mo fi oṣù yìí ṣe. Mo gbé fóònù lọ sí ọjà Ìpàta láti gba ohùn àwọn tí ń ná ọjà sílẹ̀, mo sì gba ìró ẹ̀rọ amúnáwá lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo gbádùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìró ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, a máa rọlẹ̀ létí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nítorí kì í yí padà, kì í sì í sọ nǹkan kan. Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀: bí obìnrin kan bá wí nínú rẹ̀ pé, “Àlájà, ẹ fi èènì sí i,” etí ọmọ tí ń ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì a ti gbé e kí ojú rẹ̀ tó dé òpin ìlà, nítorí ọpọlọ tí a fi ń kà náà ni a fi ń gbọ́. Ìṣirò Físíìsì kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè 180 ni wọn yóò dáhùn ní ìṣẹ́jú 120: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan, nítorí náà ẹni tí ariwo bá mú kí ó ka àyọkà láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti jẹ àkókò ìbéèrè mìíràn. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé bí ọkàn bá ṣí, kí wọ́n padà sí ìbéèrè, kí wọ́n sì tibẹ̀ wá ìlà tí ó kàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìlọrin, ń fi Bíọ́lọ́jì ṣáájú báyìí kí ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń ka àyọkà. Kò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn. “Ẹ jẹ́ kí n tún un dán wò, Bọ̀ọ̀dá,” ni ó wí, ó sì ti ń mọ́ ọn lára.

A kì í lo ariwo nígbà tí a bá ń kọ́ ohun tuntun. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé mo ń dààmú ọmọ wọn mọ èyí dájú: ìdákẹ́jẹ́ ni ti ẹ̀kọ́, ariwo ni ti ìdánrawò.

Oṣù Ẹrẹ̀nà

Ọjà Ìpàta kì í ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí náà mo ti gba àwọn àbúrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà síṣẹ́. Ọ̀kan ń fi bàtà líle rìn láàárín àga bí alábòójútó, èkejì ń ké pé, “Sà, kọ̀ǹpútà mi ti gan,” ẹ̀kẹta a sì dìde jáde nígbà tí ìṣẹ́jú 30 ṣì kù. Ti ẹ̀kẹta yìí ni ó ń mì wọ́n jù lọ, bẹ́ẹ̀ kò pariwo rárá. Kíá ni àwọn tí ó kù a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọn a sì máa tẹ ìdáhùn tí wọn kò rò. Èyí kò tíì yanjú.

Ó kù kí a ṣe é ní ibi tí ojú wọn kò mọ̀, nítorí JAMB ni yóò yan gbọ̀ngàn fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọ̀ffà ti gbà kí a lo pálọ̀ òun. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ tí yóò kó àwọn kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni a ó ti ṣe odidi ìdánwò tí ó kàn.