Fọ́ọ̀mù Tí Mo Buwọ́ Lù Láì Kà

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọmọbìnrin mi gbé fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀ wálé. Kíláàsì kẹwàá ló wà, kọkànlá ló ń lọ. Ìwé pélébé kan ni, tojú tẹ̀yìn. Àlàfo mẹ́jọ wà lórí rẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, méjì sí i wà nísàlẹ̀ fún èyí tí wọ́n máa fún un bí èyí tó fẹ́ bá ti kún, lẹ́yìn náà ni ìlà kan tí òbí máa buwọ́ lù. Ìlà yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sí, àyà mi sì já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àkọ́bí mi ọkùnrin na irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mi nínú mọ́tò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ọsibítù ni, mi ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ń gbé e lọ sí ilé-ìwé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi buwọ́ lù ú, òní ni wọ́n máa gbà á." A ti dúró níbi iná títì. Mo gbé ìwé náà lé itan, mo buwọ́ lù ú, mo dá a padà fún un kí iná tó di gírìnì. Bóyá ni mo fi ìṣẹ́jú kan sí i.

Ohun tí ìwé yẹn sọ ni pé èmi ìyá rẹ̀ gbà kó jáwọ́ nínú endorsement rẹ̀, kó fi ìwọ̀nba kọ́ọ̀sì tó kéré jù lọ jáde high school.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ wá sí Texas, tàbí tí ọmọ yín ò tíì dé ibẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Lọ́dún 2013, àwọn aṣòfin Texas ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní House Bill 5. Kó tó di ìgbà yẹn, dandan ni kọ́ọ̀sì ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Algebra 2 fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Òfin yìí ló yọ ọ́ kúrò lára ohun tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, àwọn tó wọ kíláàsì kẹsàn-án lọ́dún 2014 ló sì kọ́kọ́ mú. Láti ìgbà náà, kírédíìtì 22 (ohun tí ọmọ ń gbà fún kọ́ọ̀sì tó bá yege) ti tó láti gbé ọmọ jáde. Bó bá ní endorsement, ó di 26. Endorsement yìí, ẹ kà á sí ọ̀nà tí ọmọ yà sí. Márùn-ún ni wọ́n: ti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ti òwò àti iṣẹ́ ọwọ́, ti iṣẹ́ tí a fi ń sin ìlú (ibẹ̀ ni ìtọ́jú aláìsàn bọ́ sí), ti iṣẹ́ ọnà àti èdè, àti èyí tó mú díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń wọ kíláàsì kẹsàn-án ló máa mú ọ̀kan. Tó bá parí kíláàsì kẹwàá, ó lè sọ pé òun ò ṣe mọ́, bí òbí rẹ̀ bá ti buwọ́ lù ú pé wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ọmọ máa pàdánù.

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi. Ṣùgbọ́n mo buwọ́ lù ú pé wọ́n ṣàlàyé.

Ọmọ mi kì í ṣe olódo. Ipò 31 ló wà nínú ọmọ 412. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ lọ́dún yẹn ni, ìṣirò ti sú u, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé kọ́ọ̀sì ìṣirò kan wà tó rọrùn ju Algebra 2 lọ, tí kírédíìtì rẹ̀ náà jẹ́ kírédíìtì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò sọ ni pé láti ọdún 1997 ni òfin Texas ti ní kí àwọn yunifásítì ìjọba máa gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tó ṣíwájú kíláàsì rẹ̀, láìjanpata. UT Austin, yunifásítì Texas tó wà ní Austin, nìkan ni tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: fún àwọn tó fẹ́ wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026, wọ́n ti dín in kù sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ipò nìkan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, kò sì sí bó ṣe lè ní in láìsí endorsement àti láìsí Algebra 2. Ọ̀nà kejì tó kù ni kí máàkì rẹ̀ nínú SAT tàbí ACT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ga tó iye tí òfin dá. Ti ọmọ mi kò tó o. Báwo ló ṣe máa tó o, nígbà tí ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú Algebra 2 tí kò ṣe wà nínú apá ìṣirò ìdánwò náà?

Oṣù kẹwàá, kíláàsì kejìlá, la tó mọ̀. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì lóru, ó wá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní mi ò ní Distinguished Level. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Èmi náà ò mọ̀. Àwa méjèèjì jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, à ń kà, títí a fi kan orúkọ ìwé tí mo buwọ́ lù. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Inú mi ì bá dùn díẹ̀ ká ní ó bínú sí mi.

Ọmọ náà ń ṣe dáadáa báyìí, mo dúpẹ́. Community college, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, ló kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìṣirò tó sá fún, ó sì ti wọ yunifásítì wàyí. Mi ò ka community college sí ibi ìtìjú, ọ̀pọ̀ nínú àwa nọ́ọ̀sì ló gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe òun ló yàn án. Èmi ló bá a yàn án, nídìí iná títì.

Nítorí náà, nígbà tí ti àbúrò rẹ̀ dé, mo pa tẹlifísàn, mo sọ fún bàbá wọn pé kó bá mi gbé oúnjẹ kúrò lórí tábìlì. Mo jókòó ti ìwé náà.

Márùn-ún nínú àlàfo mẹ́jọ náà kò ní àríyànjiyàn. Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn Amẹ́ríkà, Algebra 2, Physics, Spanish 3. Algebra 1 ló ṣe ní kíláàsì kẹsàn-án, ó ń ṣe Geometry lọ́wọ́, Algebra 2 ló kàn, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yà nìyẹn. Mo fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kó lè dá mi lójú.

Àlàfo kẹfà ni mo wá rí. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, "Health Science" ni ó kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ibẹ̀ ti tín-ín-rín, ó ti họ́. Kílínà ti kọjá níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo gbé ìwé náà sókè sí iná. Lábẹ́ "Health Science," mo rí "Orchestra." Lábẹ́ ìyẹn, mo tún rí "Health Science." Ọmọ náà ti kọ tiẹ̀, ó ti pa á, ó ti kọ tèmi.

Mo pè é. Mo ní, "Èwo lo fẹ́ gan-an?"

Ó ní, "Èyí tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, mà."

Mo ní, "Èwo nínú àwọn tó o kọ?"

Kò dáhùn. Ó dojú bolẹ̀, ó ń fi èékánná họ etí tábìlì.

Violin ló ń ta nínú orchestra, ẹgbẹ́ olórin ilé-ìwé, láti kíláàsì kẹfà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo sì ń sùn lọ́sàn-án, inú gáréèjì ló máa ń lọ, kó má baà jí mi. Mo mọ̀. Mi ò kàn ka ìyẹn sí kọ́ọ̀sì ni. Èmi ni mo mú Public Services, endorsement ti iṣẹ́ tí a fi ń sin ìlú, fún un ní kíláàsì kẹsàn-án, nítorí mo rò pé nọ́ọ̀sì ló máa ṣe bí tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní kíláàsì kan náà, tún ti gbà mí níyànjú pé kí n yọ orchestra, kí n fi AP (kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì) rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ nítumọ̀. Nílé-ìwé tiwa, AP máa ń fi kún máàkì tí wọ́n fi ń ṣírò ipò, orchestra kì í fi nǹkan kan kún un. Ọmọ tó gba A nínú orchestra lè rẹlẹ̀ sí ẹni tó gba B nínú AP. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń gbé ohun èlò orin wọn sílẹ̀ ní kíláàsì kọkànlá, ó sì ń dùn mí fún wọn, torí ìgbà yẹn gan-an ni orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára lọ́wọ́ wọn.

Mo ṣí ìwé atọ́nà kọ́ọ̀sì ilé-ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gùn, ó sì kún fún lẹ́tà kéékèèké. Mo kà á, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi nídìí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa endorsement ti iṣẹ́ ọnà àti èdè ni mo ti rí i pé bí ọmọ bá ṣe kírédíìtì mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn nínú iṣẹ́ ọnà, ó ti ní endorsement náà. Orin wà nínú iṣẹ́ ọnà. Ó ti ṣe ọ̀kan ní kíláàsì kẹsàn-án, ó ń ṣe ìkejì lọ́wọ́. Méjì ló kù. Violin tí mo kà sí ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé lè gbé e dé Distinguished Level, bó bá sáà ti ṣe ìṣirò mẹ́rin, tí Algebra 2 wà nínú wọn, àti sáyẹ́ǹsì mẹ́rin mọ́ ọn. Òfin sì gbà kí ọmọ pààrọ̀ endorsement. Mo kọ̀wé sí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wọn lóru náà láti bèèrè bóyá mo kà á dáadáa. Ó fèsì lọ́jọ́ Ajé pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti tẹ èsì náà sórí ìwé, mo tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wọn máa wà ní kíkọ.

Mo tún bi ara mi pé kí ni Health Science yìí máa ṣe fún un. Mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì: Biology, Chemistry, ìṣirò. Ó ti ṣe Biology, ó ń ṣe Chemistry lọ́wọ́. A ti fẹnu kò pé Anatomy and Physiology ló máa fi ṣe sáyẹ́ǹsì kẹrin ní kíláàsì kejìlá. Bí nọ́ọ̀sì bá wù ú nígbà yẹn, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Èmi kò sọ pé Health Science kò dára. Ọmọ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́gán tó bá jáde, ó yẹ kó ṣe é. Tèmi kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ AP ni a fi pẹ́ lórí ìjókòó lọ́jọ́ Àìkú. Méjì ló fẹ́, AP English Language àti AP US History. Oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe ìdánwò wọn, máàkì 1 sí 5, òfin Texas ti ọdún 2015 sì ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba máa fún ọmọ tó bá gba 3 ní kírédíìtì, àfi bí wọ́n bá lè fi ìdí múlẹ̀ pé máàkì tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ. Owó ilé-ìwé ni ìyẹn ń dín kù, mi ò lè fojú fo ó. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ wákàtí ọjọ́ kan sílẹ̀ fún mi: ìgbà tó ń dé láti ìfidánrawò orin, ìgbà tó ń jẹun, ìgbà tó ń sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló wò ó tó ní, "Mọ́mì, ìtàn yẹn ò ní ṣeé ṣe." Ìwé kíkà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún un. Ó mú AP ti Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ìtàn sí ti gbogbo ọmọ. Àwọn kan máa ń kó AP márùn-ún lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ti rí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ mi, tí wọ́n gbé wọn wá torí wọn ò sùn, wọn ò jẹun. Mi ò ní ṣe é.

Àlàfo keje àti ìkẹjọ ló kù, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ìkẹjọ. Àwọn yẹn ò gbà wá lákòókò.

Ó fi gègé kọ "Orchestra" sí àlàfo kẹfà, lórí ibi tó họ́ náà. Ìwé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Mo ka gbogbo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ sókè ketekete, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí ìkọ̀ọ̀kan, mo tó buwọ́ lù ú. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Àwòrán yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá padà, ó ti fi àwọ̀ pupa ká àlàfo kẹta, ibi tí Algebra 2 wà.