Àbí èmi ni mò ń bá oúnjẹ jà?

"Ṣé oúnjẹ ló ń bá a jà ni, àbí òun ló ń bá oúnjẹ jà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí mi láàárọ̀ yìí kí áláàmù tó dún. Màmá Ìlúpéjú ni wọ́n sọ ọ́ lánàá, kì í ṣe sí mi o, ẹ̀yìn wíńdò ni mo wà tí mò ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn ń gé ẹran nínú kíṣìnì, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Èkìtì kíkún ni wọ́n fi sọ ọ́, mi ò lè kọ ọ́ bó ṣe dún, ó dùn létí ju báyìí lọ. Gbogbo wọn wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò tiẹ̀ burú, kò sí ìkà nínú ẹ̀, ẹ̀rín ẹbí ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Gbogbo ẹ̀ ò ju pé mo gbé ọbẹ̀ tèmi dání lọ nínú kúlà, torí ata àti tòmátì kì í bá ara mi mu. Ẹ mọ kúlà yẹn, aláwọ̀ búlúù tí etí ẹ̀ kan ti já. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí ló wà nínú ẹ̀, irú, ẹja gbígbẹ, iyèré díẹ̀, kò sí tòmátì, kò sí tàtàsé, kò sí rodo. Iyán wọn ni mo bá wọn jẹ. Iyán ò ṣe mí ní nǹkan kan, ọpẹ́ ni, torí ọmọ Èkìtì tí iyán bá tún lọ kọ̀, ibo ló fẹ́ gbà?

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ó sì dé lóòótọ́, àbúrò ọkọ mi ló sọ ọ́, lójú mi, a jọ rẹ́rìn-ín ni. Ìyẹn ò dùn mí rárá. Kí ló wá dé tí ti Màmá wọ̀ mí lára tó báyìí?

Bóyá torí pé mi ò mọ èsì ẹ̀ ni.

Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń kọ nótúbúùkù yìí. Dókítà ló ní kí n máa kọ ọ́, ohun tí mo jẹ, aago tí mo jẹ ẹ́, ohun tí ara wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n má fẹnu kan ìdílé tòmátì, lẹ́yìn náà kí n máa dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi ọjọ́ mélòó kan sáàárín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìdílé ni wọ́n. Tòmátì, rodo, tàtàsé, ṣọ̀ǹbọ̀, ìgbá, póteto, ẹ̀fọ́ ọ̀dú, títí dórí tábà tí bàbá bàbá mi ń fà, mọ̀lẹ́bí kan náà! Ọ̀dùnkún ò sí níbẹ̀ o, orúkọ ló jọ.

Ọjọ́ kejìlá nínú nótúbúùkù: iyán, ìsápá láìlata. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún: tàtàsé ìdajì, sísè. Àyà ta mí, inú ń run mí, mo lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀mẹta kí àwọn ará ilé tó jí.

Póteto: kò sí nǹkan kan. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú, kò sí nǹkan kan. Mo bi dókítà pé ṣebí ẹbí kan náà ni wọ́n, ó ní ohun tó ń ta nínú ata ò sí nínú póteto, pé omi kíkan inú tòmátì náà lè máa ta àyà èèyàn, kì í ṣe gbogbo ẹbí ló ń jà. Ṣùgbọ́n tí póteto bá ti ní àwọ̀ ewé lára kí n jù ú nù, ìyẹn ò dáa fún ẹnikẹ́ni. Mo tún bi í nípa oríkèé ríro tí wọ́n ń pariwo kiri lórí fóònù pé ìdílé yìí ló ń fà á, ó ní ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ ò sí fún ìyẹn.

Kì í sì í ṣe alẹ́jì. Mo ti ṣàlàyé èyí títí ẹnu fi ń ro mí. Alẹ́jì, ẹ̀ṣọ́ ara ló máa ń rí oúnjẹ kó pè é lọ́tàá, ètè lè wú, èémí lè há, ó lè pa èèyàn kíá. Tèmi ò ní pa mí, á kàn ba ọjọ́ mi jẹ́ ni. Ohun tí ò sì lè pa èèyàn, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́.

Tí mo bá ní èèwọ̀ ni ńkọ́? Mo ń rò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, kí Ọlọ́run foríjì mí, mi ò gbọ́ ìwàásù. Màmá Ìlúpéjú fúnra wọn kì í jẹ òkété, torí ilé bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Àwọn tó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ta ló sọ pé wọ́n ń bá ẹmu jà? Ṣùgbọ́n kéèyàn ní ara òun ló kọ̀ ọ́, áà, àṣejù ni, ó fẹ́ ṣe bí òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ rodo ọ̀hún gan-an, ojú omi ló bá dé láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1492, òun àti tòmátì. Iyèré àti ataare ló wà nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó dé. Èmi wá ni mò ń jẹun bí ará àtijọ́! Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ lánàá. Ó dáa tí mi ò sọ ọ́ jàre, ta ni mo jẹ́ tí n ó máa kọ́ Màmá ní ìtàn.

Òní: òjò rọ̀, iná lọ ní aago méjì, Mofẹ́ ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì ẹ̀ tán láìsunkún.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́. Wàrà ti lọ ní èṣí, mi ò bá a fà á, ọ̀pọ̀ àwa tá a ti dàgbà ni ikùn wa ti dẹ́kun àtimáa da wàrà bó ṣe ń ṣe nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ẹ̀gúsí tí mo gbé lọ sí ẹ̀rọ àdúgbò tó gbé ata àná jáde, mo lọ gbé ọlọ màmá mi ní Ìgèdè, èjìká mi ti mọ́ ọn lára. Gbogbo ìyẹn ò le. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo dúró síwájú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ, ata ti dín dáadáa, epo ti yọ sójú, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo lá a. Mo dúró. Mo tún lá a. Mo fi ìka nu ṣíbí, mo lá ìka.

Mi ò kọ ìyẹn sínú nótúbúùkù.

Nítorí náà bóyá èmi ni. Bóyá èmi ni mò ń bá a jà, àbí àwa méjèèjì... mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé tí wọ́n bá ń din ata lójúlé kejì, orí mi máa ń yí síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀.

Ẹ dúró ná, ọkọ mi ló wọlé yìí. Ó ní Màmá pe òun, pé mo gbàgbé kúlà sábẹ́ bẹ́ǹṣì, pé ọbẹ̀ díẹ̀ kù nínú ẹ̀, wọ́n ti fi òkèlè tọ́ ọ wò.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ó ní, "Wọ́n ní iyọ̀ ò tó."