Páálí táwọn olówó wa ń rà ló di òrùlé níbí

Bí nọ́ńbà Èkó bá ti wọlé sórí fóònù mi lálẹ́, mo ti mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, páálí Dominica yẹn, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń tà á?” Lóòótọ́ ni. Láti 1993 nìjọba ibí ti ń ta páálí, ìyẹn ìwé ọmọ onílùú àti ìwé ìrìnnà rẹ̀, ní gbangba, òfin sì fọwọ́ sí i. (Dominica ni mo wí o, erékùṣù Caribbean tí mò ń gbé, kì í ṣe Dominican Republic. Àìmọye èèyàn ló máa ń ṣì wọ́n mú.) Ó kéré tán, 200,000 dọ́là Amẹ́ríkà lẹni tó bá fẹ́ ẹ máa san báyìí. Kó tó di 2024, ìdajì iye yẹn ni.

Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe.

Gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè yìí ò ju nǹkan bí 70,000 lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kan n’Íbàdàn pọ̀ jù wọ́n lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 2017 ni ìjì Maria kọlù wọ́n. Olórí ìjọba, Roosevelt Skerrit, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí Facebook lóru pé òrùlé òun ti ṣí lọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò àdánù náà, ó tó 1.3 bílíọ̀nù dọ́là, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo ọrọ̀ ajé ibẹ̀ ń mú wọlé lọ́dún.

CCRIF lowó rẹ̀ tètè dé, àjọ adójútòfò táwọn erékùṣù Caribbean dá sílẹ̀ ní 2007. Wọn kì í wá ka òrùlé tó ṣí kí wọ́n tó sanwó: bí agbára ìjì bá ti dé ìwọ̀n tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, owó á jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mílíọ̀nù 19 dọ́là ti wọlé. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú 1.3 bílíọ̀nù? Ní 2018, World Bank náà fọwọ́ sí owó ìkọ́lé. Owó bẹ́ẹ̀ nílò ìwé, ẹnjiníà, agbaṣẹ́ṣe, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò. Òjò ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Owó páálí nìjọba lè ná bó ṣe rí i pé ó yẹ. Òun ni wọ́n fi kọ́lé sí Bellevue Chopin fáwọn ará Petite Savanne tí ìjì Erika lé kúrò lábúlé wọn ní 2015. Òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ pápákọ̀ òfurufú tuntun sí Wesley. Mo dúró wo káfíńtà kan ládùúgbò mi ní Roseau, olú ìlú ibí. Kò fi ìṣó kan páànù mọ́, síkúrù ló ń lò, ó sì fi ọ̀já irin de igi òrùlé kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ògiri. “Maria ló kọ́ wa,” ló wí. Kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí owó ọ̀gá kan ní Lekki wà nínú iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi tí mo mọ̀, inú mi dùn, inú sì bí mi, torí mo mọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń jò nílé.

Ní oṣù Keje 2023, Ìlú Ọba ní ẹni tó bá mú páálí Dominica lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọlé, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀, wíwọ London láìgba físà wà lára ohun tí oníbàárà ń sanwó fún. Mi ò ní gbèjà títà páálí fáyé gbọ́. Àwọn kan lára àwọn tó ń rà á, mi ò lè jẹ́ wọn lẹ́rìí. Àmọ́ kẹ́ni tó bá fẹ́ kí Dominica jáwọ́ ńbẹ̀ sọ ibi tí owó òrùlé máa ti wá nígbà tí ìjì mìíràn bá dé.