Ẹsẹ̀ Mélòó Lẹ Kà?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohun kan tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ń yí gílóòbù iná po. Mo pariwo pé àdán ni, mo fi aṣọ ìbora borí, mo sì sá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi àbúrò mi sílẹ̀ fún un. Àbúrò mi, tí kò ka igbe mi sí, dúró títí nǹkan náà fi bà sára ògiri, ó sì rọra fi ìka kàn án lápá. Eruku lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn níka.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àfòpiná lẹ ń sá fún."

Ìtìjú ló lé mi dé ìdí ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti kà pé apá àfòpiná Attacus atlas ti ilẹ̀ Éṣíà lè ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ bó bá nà án, àgbà rẹ̀ kò sì lẹ́nu tó lè fi jẹun, áńbọ̀sìbọ́sí kó bu ènìyàn jẹ. Bẹ́ẹ̀, Craseonycteris thonglongyai, àdán bíńtín ti Thailand àti Myanmar, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ, apá rẹ̀ kò sì gùn tó ti àfòpiná yẹn. Títóbi kọ́ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Awọ tó nà láàárín ìka ni apá àdán, onírun ni, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Apá mẹ́rin tí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bò ni ti àfòpiná, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́fà. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì fi yan fún àbúrò mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àfi bí nǹkan kékeré kan ṣe tún wọlé lálẹ́, tó bà sára ògiri. Àbúrò mi fẹ́ dìde. Mo ní kó jókòó, pé iṣẹ́ onímọ̀ ni. Mo fi ife onígíláàsì dé e, mo sì sún mọ́ ọn kí n lè ka ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Etí ṣóńṣó méjì ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà eyín wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní àdán kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Wọn kò kìlọ̀ fún mi pé ó lè ṣe àfòpiná. Ó la ẹnu sí mi. Ìwé ti sọ pé ohùn tí etí wa kì í gbọ́ ni ó fi ń wádìí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dúró kó parí ìwádìí náà. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìbora, mo gbọ́ tí àbúrò mi pa iná, tó ṣí fèrèsé gbayawu, tó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mélòó lẹ kà?"