Pẹ́dàlì tí ó ń ké lẹ́yìn tí a pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì

Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀, tí pẹ́dàlì rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, tí kì í sì í tètè dìde mọ́ nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sọ pé mekáníìkì ti ba iṣẹ́ jẹ́, mekáníìkì yóò sì ní kí àwọn sọ gíà kalẹ̀ padà. Èmi kì í fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì kí a tó yẹ ọkọ̀ náà wò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé igbe pẹ́dàlì àti àìtètè-dìde rẹ̀ lè jẹ́ àrùn méjì tí kò bá ara wọn tan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ ipa ọ̀nà tí agbára ẹsẹ̀ ń gbà. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ́dàlì so rọ̀ sórí irin kan tí búùṣì rọ́bà líle wà lára rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò ti ọ̀pá kékeré kan wọ inú sílíńdà òkè. Ọ́ìlì bíréèkì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò gba inú páìpù àti họ́ọ̀sì lọ sí sílíńdà ìsàlẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Sílíńdà yìí ni yóò ti fọ́ọ̀kì, tí fọ́ọ̀kì yóò fi ti bẹ́rìnì rílíìsì lu àwọn ìka irin tó wà lójú pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn irin tí ó ń tẹ díìsì kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè dé gíà. Bí Peugeot 504 ṣe ń ṣe é nìyẹn. Volkswagen Ìjàpá ní tirẹ̀ kò ní sílíńdà kankan fún kílọ́ọ̀ṣì. Kébù ni ó ń fà á, kébù tí ó bá sì ti gbẹ tàbí tí ó ti ń ya nínú awọ rẹ̀ lè ké kí ó sì tún há, láìsí ohun mìíràn tó bàjẹ́.

Sílíńdà ni ọkọ̀ tèmi ń lò. Ní ọgbà mekáníìkì kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti bá mi pààrọ̀ díìsì, pírẹ́ṣọ̀ àti bẹ́rìnì rílíìsì pọ̀, ọkọ̀ sì gbéra dáadáa nígbà tí mo gbé e jáde. Ojú ọ̀nà Iléṣà ni igbe náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi wọ inú ìlú Iléṣà fúnra rẹ̀, níbi tí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ti í jẹ́ kí ẹsẹ̀ awakọ̀ sinmi, pẹ́dàlì ti ń dúró ní ìdajì ọ̀nà, tí mo sì ń fi orí bàtà gbé e sókè. Mo padà sí ọgbà náà.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la, a ó sọ gíà kalẹ̀ padà.”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì ná.”

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bẹ́rìnì rílíìsì kì í yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Bí pẹ́dàlì bá ṣì ń ké nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, yíyí bẹ́rìnì kọ́ ni ó ń fa igbe. Ohun kan tí ó ń ha ohun mìíràn ni, yálà lókè níbi búùṣì àti sípíríǹgì pẹ́dàlì, tàbí nísàlẹ̀ níbi tí fọ́ọ̀kì ti jókòó lé orí ọmọ irin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni a ń gbọ́ ariwo, tí ó sì jẹ́ pé títẹ̀ ni ó ń mú un wá, nígbà náà ni kí a fura sí bẹ́rìnì rílíìsì. Èyí tí títẹ̀ bá mú kúrò, bẹ́rìnì ṣáàfútù tí ó ń wọ inú gíà ni kí a fura sí. Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà ṣe é kí a tó gbé jáàkì.

Ọmọ iṣẹ́ kan fi ọwọ́ tẹ pẹ́dàlì, ọ̀gá rẹ̀ fi etí sí ẹ̀gbẹ́ gíà, èmi sì tẹrí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Òkè ni igbe ti ń wá. Síbẹ̀ irin máa ń gbé ohùn rìn, nítorí náà etí nìkan kò tó. A yọ píìnì tí ó so pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá sílíńdà òkè, pẹ́dàlì sì dá wà. Bí a ti ń mì ín, ó ń ké bíi ti tẹ́lẹ̀. Búùṣì rẹ̀ ti jẹ, eruku ọyẹ́ sì ti di amọ̀ sínú ọ̀rá àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀.

Àmọ́ kí ló dé tí kò fi ké ṣáájú? Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: bí díìsì bá ti ń tín-ín-rín, igun tí àwọn ìka pírẹ́ṣọ̀ dúró sí máa ń yí padà, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa le sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Agbára líle yẹn kan náà ni ó ń ti pẹ́dàlì padà sókè tipátipá, tí ó fi ń borí búùṣì gbígbẹ. Pírẹ́ṣọ̀ tuntun fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àìsàn tí ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ wá rí àyè hàn, a sì di ẹ̀bi ru ohun tuntun. A fi búùṣì mìíràn sí i, a sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ibẹ̀. Igbe yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kó eruku jọ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ku àìtètè-dìde. Kí a tó dá píìnì padà, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ti ọ̀pá sílíńdà òkè wọlé kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí ó ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń wọ́ bọ̀. A wá so pẹ́dàlì pọ̀, a tẹ̀ ẹ́ títí ó fi há, a sì tú nọ́ọ̀tì tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde lára sílíńdà ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì tú jáde, fọ́ọ̀kì sì fò padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó pín ọ̀rọ̀ sí méjì gbọnyin: bí fọ́ọ̀kì bá padà nígbà tí a tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì ni kò rí ọ̀nà lọ sókè, họ́ọ̀sì tàbí sílíńdà òkè ni ó dí i, bí kò bá padà, ibi tí ó há sí wà nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì, ó sì di dandan kí a sọ gíà kalẹ̀.

Èyí tó kù, ìdérí agolo ọ́ìlì tí ó ń bọ́ sílíńdà òkè ni ó tú u fó. Rọ́bà inú ìdérí náà ti wú débi pé kò ṣeé dá padà sí ojú rẹ̀ mọ́. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì bíréèkì kì í bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì síáríǹgì gbé. Bí ó bá ti kàn án, yóò mu ún, yóò sì wú. Bí èyí tí a ń rí lókè bá wú, àwọn tí ó wà nínú sílíńdà náà ti wú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi ń wọ́. Inú ike kan tí kò ní orúkọ lára ni wọ́n ti bu ọ́ìlì tí wọ́n fi lé afẹ́fẹ́ jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá náà wo ike, ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì jiyàn. Ní ti èyí, iṣẹ́ ọgbà náà ni ó fa àrùn. Ní ti búùṣì, ọwọ́ wọn mọ́.

Fífọ̀ nìkan kò lè tún irú èyí ṣe, bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ sílíńdà òkè nìkan kò tó, nítorí rọ́bà tí ó bá ṣẹ́kù ti mu ọ́ìlì burúkú náà. A pààrọ̀ rọ́bà sílíńdà méjèèjì, họ́ọ̀sì àti ìdérí, a fọ páìpù, a sì lo DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, láti inú ike tí èdìdì rẹ̀ ṣì wà. Ohun tí wọ́n bá kọ sára ìdérí ọkọ̀ ni kí a tẹ̀ lé, DOT 3 tàbí DOT 4. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, a kì í pò ó mọ́ wọn.

Ká ní fọ́ọ̀kì kò padà ni, ǹ bá gbà pé kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ǹ bá ní kí wọ́n wo ọmọ irin tí fọ́ọ̀kì jókòó lé àti ọ̀pá tí bẹ́rìnì ń rìn lórí rẹ̀, bóyá ó ti ha. Gíríìsì tí kì í yọ́ nínú ooru ni a ń fi síbẹ̀, kí ó sì tín-ín-rín. Èyí tí ó bá pọ̀ yóò fò sójú díìsì, kílọ́ọ̀ṣì tuntun á sì máa yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá parí irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe bu ọ́ìlì kún agolo dé ẹnu. Bí díìsì bá ṣe ń jẹ, sílíńdà ìsàlẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì inú agolo á sì máa gòkè. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ ní tirẹ̀, ibì kan ń jò: ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ pẹ́dàlì sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí ọ̀pá ti wọ sílíńdà òkè, kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo sílíńdà ìsàlẹ̀.