Bíbó àwọ̀ ara gìtá kí dáì tó kàn án: ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ wa

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe gìtá oníná, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá igi yín tilẹ̀ nílò bíbó, ìyẹn ni fífi kẹ́míkà mú kí àwọ̀ igi funfun. Bí dáì tí ẹ fẹ́ lò bá jẹ́ dúdú, pupa tó ki tàbí àwọ̀ kọfí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Dáì yẹn á bo àwọ̀ igi mọ́lẹ̀. Búlúù ló máa ń fa wàhálà, àti gbogbo àwọ̀ tó bá fúyẹ́. Igi afárá ní yẹ́lò díẹ̀ lára. Bí búlúù bá bọ́ sórí yẹ́lò, àwọ̀ ewé lẹ máa rí, bó ti wù kí búlúù yẹn dára tó nínú ike.

Ẹ má torí ìyẹn fojú di afárá o. Igi yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Gibson ti Amẹ́ríkà fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, tí wọ́n sì ń pe igi náà ní Korina. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ó sì máa ń gba bíbó dáadáa. Ìdígbò, ìbátan rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: omi lásán lè fa yẹ́lò jáde lára rẹ̀, irin tó bá sì kàn án nígbà tó tutù á sọ ọ́ di dúdú. Fún búlúù, ẹ fi ìdígbò sílẹ̀.

Oríṣi kẹ́míkà mẹ́ta làwọn èèyàn ń lò láti bó igi, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Jik tàbí Hypo inú ilé máa ń bó dáì, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ igi. Ọjọ́ tí dáì bá bàjẹ́ lẹ máa wá a. Oxalic acid wà fún àbàwọ́n dúdú tí ìṣó tàbí omi ìpẹtà fà. Bíi gíráàmù 80 nínú lítà omi gbígbóná kan ti tó, kí ẹ fi omi béékìn sódà nu ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí tó ń bó igi fúnra rẹ̀ ni alápá méjì: kọ́sítíìkì sódà ló ń ṣáájú, hydrogen peroxide á sì tẹ̀ lé e. Peroxide tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, tó jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, kò lè ṣe nǹkan kan. Ti àwọn aṣerunlóge tí wọ́n kọ 40 volume sí lára jẹ́ ìdá 12. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá fi sí i léraléra. Ojúlówó tó ń bó igi jẹ́ nǹkan bí ìdá 30 sí 35, ìyẹn sì ń jó ara. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, awò tó bo ojú pátá, ìta gbangba, àti omi púpọ̀ nítòsí. Ẹni tí kò bá ní wọn, kó má ì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ wà ṣáájú kẹ́míkà. Gọ́ọ̀mù funfun tó ta sí ojú igi kì í hàn sójú, ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó ń bó igi ò ní wọ ibẹ̀, dáì náà ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 150 ha gbogbo rẹ̀, ẹ fi kànrìnkàn tútù nù ún kí irun igi lè dìde, kó gbẹ, kí ẹ sì fi 220 ha irun náà kúrò. Kànrìnkàn onírin ò gbọdọ̀ kàn án rárá: ègé irin tó bá há sínú igi á ba peroxide jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, á sì fi àmì dúdú sílẹ̀. Ẹ fi téèpù bo ihò tí ọrùn gìtá máa wọ̀, torí bí omi bá mú un wú, ọrùn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ wọn gíráàmù 90 kọ́sítíìkì sódà, kí ẹ rọra dà á sínú lítà omi tútù kan nínú ike. Sódà ló ń wọ inú omi; bí ẹ bá da omi sórí sódà, ó lè hó kó ta sójú yín. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò alumíníọ̀mù níbẹ̀. Ẹ fi fóòmù fi í pa gbogbo ojú gìtá, iwájú, ẹ̀yìn àti etí, kó tutù láìṣàn. Bí ẹ bá rin ojú kan ṣoṣo, pákó á tẹ̀. Igi á ṣú. Ẹ má fòyà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, nígbà tó ṣì tutù, ẹ mú fóòmù mìíràn fi peroxide pa á. Á hó yẹ́ẹ́, yóò sì máa funfun lọ. Ẹ gbé e ka orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ po fínígà ìdá kan mọ́ omi ìdá méjì, ẹ fi nù ún, kí ẹ wá fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Fínígà yìí wà fún sódà nìkan. Bó bá jẹ́ Jik lẹ lò, fínígà ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn: gáàsì tó máa jáde lè pa èèyàn.

Gbígbẹ ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kì í ní sùúrù fún. Ọwọ́ ò lè sọ fún yín pé igi ti gbẹ. Ẹ gbé ara gìtá sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá máa wọ̀n ọ́n lárààárọ̀. Bó bá padà sí iye yẹn tó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́. Nígbà òjò, ẹ fọkàn sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Peroxide tó bá ṣẹ́ kù nínú igi á máa jẹ dáì díẹ̀díẹ̀, ibi tó sì ti máa ń pamọ́ sí jù ni etí gìtá níbi tí orí pákó wà, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù.

Ojú igi á tún le gbàgìdì. Ẹ fi sáńpépà 320 rọra nù ún, ká má rí i pé ẹ ń ha á: bíbó náà ò jìn, ẹ sì lè ha á tán kí àwọ̀ àtijọ́ tún yọjú. Ẹ wọ ìbòmú, nítorí eruku rẹ̀ ń jóni ní imú. Bí àwọ̀ bá ṣì wà, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta ò wúlò. Irun igi á kàn máa yọ, ìlà ara rẹ̀ á sì parẹ́.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí sí gìtá, ẹ ṣe é sí ègé tó ṣẹ́ kù lára pákó kan náà: sódà, peroxide, fínígà, dáì, títí dé láákà, ìyẹn ohun dídán tí ẹ máa fi bo ojú igi kẹ́yìn. Láákà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Fáníìṣì olóróró ní yẹ́lò tirẹ̀, láákà nitrocellulose náà á sì máa pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, búlúù yín á tún di àwọ̀ ewé lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn. Èyí tí wọ́n fi omi ṣe, tó hàn gbangba, ni kí ẹ lò. Ẹ má da peroxide tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ padà sínú ike rẹ̀ kí ẹ dé e pa. Bí sódà díẹ̀ bá ti kàn án, á máa tú gáàsì, ike náà á sì bẹ́.